Ìyàwó Tí Gbogbo Ilé Jù Lọ

Ní Ìsánlú-Ìsin, Rhoda ni wọ́n ń pè é. Ní Òmù-Àrán, Ìyàwó.

Ìyàwó, omi dà? Ìyàwó, iná ti kú. Ìyàwó, ewúrẹ́ ti wọ inú èlùbọ́. Ọdún ti gorí ọdún, ó ti bímọ méjì, ara rẹ̀ ti kún, ohùn rẹ̀ ti nípọn. Ìyàwó náà ni. Ohun tó fà á kò ju pé kò tíì sí obìnrin mìíràn tí wọ́n gbé wọ ilé Bámigbóyè lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó bá sì wọlé kẹ́yìn, àbúrò gbogbo ilé ni.

Òfin yẹn kò béèrè ọjọ́ orí. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni. Ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ìbáà ṣì máa mu ọmú.

Mọ́láyọ̀ ṣì ń mu ọmú nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó Rhoda ni wọ́n bí i fún Jòhánù, ẹ̀gbọ́n ọkọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú un jókòó, wọ́n sì gbé ọmọ ọwọ́ náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó, ọkọ rẹ rè é. Fún un lórúkọ."

Nítorí ìyàwó kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ. Òun ni yóò wá orúkọ mìíràn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, orúkọ àpọ́nlé, èyí tí yóò máa pè títí ayé. Rhoda wo ọmọ náà. Aṣọ ni wọ́n fi wé e láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Oòrùn ń pa ìyàwó, ebi ń pa á, gbogbo ojú sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìbàdíàrán," ó wí. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yẹ aṣọ àrán.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ náà mọ́ ọmọ lára. Ní báyìí Mọ́láyọ̀ ti dàgbà tó ẹni tó ń múra àtilọ sí girama. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ìbàdí tí gbogbo ilé ń retí kò tíì dé. Láràárọ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́yìn, bí àgbà.

"Ìyàwó, ẹ ẹ̀ tíì nu bàtà mi."

"Ìbàdíàrán, ọkọ mi, ẹ má bínú. Mo ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn yòókù. Jòhánù, bàbá Mọ́láyọ̀, ọkùnrin tó gùn tó fi jẹ́ pé ó máa ń tẹ̀ kó tó wọ yàrá ara rẹ̀: Àgùntáṣọọ́lò. Rúùtù, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó wá sinmi díẹ̀ láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Bàbáńlá tó sì gbàgbé láti padà: Eyínfúnjowó, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, eyín náà pé pérépéré. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére, lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kò tẹ̀ lé wọn lọ. Bí Rhoda bá ké pe "Eyínfúnjowó!" láti ẹ̀yìnkùlé, Rúùtù á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ètè á wà ní pípadé.

Bàbá Bámigbóyè fúnra rẹ̀, Bàbá ni. Ó máa ń jókòó ní ẹ̀bá ògiri láti àárọ̀, láìmira, bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Èṣìé. Ṣùgbọ́n ère kì í gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nílé ìdáná.

Barnabas, ọkọ tó gbé e wọlé gan-an, ojú irin ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bà. Ọdún Àjíǹde, ọdún Kérésì. Ó dé, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Báyìí ni ayé rí nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀.

Kádúná tó jìnnà kì í ṣe olú-ìlú wa mọ́. Ìlọrin ni. Ọ́fíìsì tuntun, mọ́tò tuntun, àwọn ọ̀gá tuntun tí bàtà wọn ń dún. Àwọn ìyá ìjọ ní Òmù-Àrán kò fẹ́ kí nǹkan náà kọjá wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin, ní ẹ̀yìn ìlú, lójú ọ̀nà Èṣìé. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ilé ìsùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìsùn, yàrá méjì àti ilé ìdáná kan fún mátírọ́nì, ìyẹn obìnrin tí yóò máa bójú tó àwọn ọmọ.

Rhoda lọ wo yàrá méjì náà nígbà tí wọn kò tíì fi páànù bò ó. Ó dúró láàárín. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó pè é ní Ìyàwó.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ láyé.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìlọrin tí yóò dán àwọn tó ń wá iṣẹ́ wò, lẹ́nu, lédè òyìnbó. Rhoda kàwé díẹ̀ ní Ìsánlú-Ìsin kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Òyìnbó inú rẹ̀ ti sùn. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sí kíláàsì Ambrose ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nínú gbọ̀ngàn ìjọ.

Ambrose, àpọ́n. Tíṣà tó máa ń de táì nígbà tí ọyẹ́ bá mú àti nígbà tí ooru bá mú. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ lù wọ́n.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀gá tó ń bọ̀ yìí, ohun kan ló fẹ́ràn. Ìfiwéra. Ọmọ wo ló ju ọmọ wo, aṣọ wo ló jọ aṣọ wo, ṣé oúnjẹ tòní tó tàná. Mátírọ́nì tí kò bá lè fi nǹkan wé nǹkan, kó máa lọ sóko."

Sọpáàsì: kí ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ. Íkúà: kí méjì dọ́gba. Ríísẹ́mbù: kí ẹnì kan jọ ẹlòmíràn.

"Bí ẹni iwájú bá jẹ́ ẹyọ kan," Ambrose wí, "ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìrù bí alángbá. Sọpáàsìsì. Ẹ wí i."

"Sọpáàsìsì," gbogbo kíláàsì sọ, bí ìkòkò tó ń hó.

"Òkúta mẹ́ta ni ààrò. Ẹni iwájú, ọ̀rọ̀, ẹni ẹ̀yìn. Ẹ má ki ohunkóhun bọ àárín wọn. Ẹ má sọ pé ó 'ìsì' sọpáàsì. Ẹ má sọ pé ó ríísẹ́mbùsì 'tù' lágbájá. Ẹ sì má gbàgbé ẹni ẹ̀yìn, nítorí bí òkúta kẹta kò bá sí, ọbẹ̀ dànù. Ó yá, àpẹẹrẹ. Ọ̀gá yẹn kò fẹ́ ti inú ìwé. Ilé tí ẹ ń gbé ni kí ẹ ti mú un."

Rhoda dìde. Ó ti múra tán.

"Àgùntáṣọọ́lò sọpáàsìsì Ìbàdíàrán."

Ambrose wò ó. "Ta ni wọ̀nyẹn?"

"Ọkọ mi ni wọ́n, Tíṣà."

"Àwọn méjèèjì?"

"Gbogbo ilé ni, Tíṣà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ambrose tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹ pe orúkọ wọn. Orúkọ ìrìbọmi."

"Ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbé e."

"Òyìnbó lẹ ń sọ! Òyìnbó ò mọ ìyàwó ilé!"

"Ará ilé wa mọ̀ ọ́n, Tíṣà."

Ambrose ronú. Kò ní ìyàwó, kò sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde nínú irú ọ̀ràn báyìí. Ó ní kó fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè gbé síwájú ná, bàbá tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fi àyè ẹni ẹ̀yìn sílẹ̀ títí òun yóò fi rí ọgbọ́n dá sí i. Kí ẹnu kọ́kọ́ mọ iwájú àti àárín.

Ìmọ̀ràn àpọ́n.

Rhoda gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń gúnyán, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Màì fádà sọpáàsìsì. Á dákẹ́ díẹ̀ níbi tí orúkọ ará ilé ọkọ yẹ kó wà, á tẹ orúnkún ba díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, ọmọ odó á sì sọ̀ kalẹ̀. Gbì. Màì fádà sọpáàsìsì. Gbì.

Rúùtù wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ ọ lónìí, ó gbọ́ ọ lọ́la. Nígbà tó yá, ó pe Mọ́láyọ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé tó ń gbọ́ òyìnbó.

"Mọ́láyọ̀, kí ni Ìyàwó ń sọ sínú odó yẹn?"

"Ó ní bàbá òun jù lọ."

"Bàbá wa?"

"Rárá, bàbá tirẹ̀. Ti Ìsánlú-Ìsin."

"Ju ta ni lọ?"

Mọ́láyọ̀ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Gbì.

"Kò sọ, Àǹtí. Odó ló ń lù níbẹ̀."

Rúùtù da ẹ̀wà náà nù. "Àwa ni! Àwa ló ń gún!"

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilé ti jókòó yí Bàbá Bámigbóyè ká. Rhoda kúnlẹ̀ láàárín.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Wọ́n ní bàbá rẹ ju nǹkan kan lọ."

"Ẹ̀kọ́ ni, Bàbá. Tíṣà ló kọ́ wa."

"Mo gbọ́. Kí ló jù?"

"Mi ò tíì fi ẹnì kankan síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀wọ̀ yín ni, Bàbá. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbé orúkọ yín."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi jù mí lọ."

"Iṣu wa ló jẹ!" Jòhánù fò dìde, orí rẹ̀ sì kan àjà. "Iṣu tí a rù lọ nígbà ìdána! Èmi ni mo ru èyí tó tóbi jù níbẹ̀! Ohun tó jẹ tó fi ga nìyẹn!"

"Kó fi iṣẹ́ mátírọ́nì yẹn sílẹ̀," Rúùtù wí. "Ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe nílé nìyí. Tó bá wá dé ibi tí a ò ti ní gbọ́ ọ ńkọ́?"

Rhoda kò sunkún. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá sọ pé kò lọ, àwọn ìyá ìjọ kò ní gba ìyàwó tí ilé ọkọ rẹ̀ kò yọ̀ǹda. Yàrá méjì náà á lọ. Ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ á lọ.

Bàbá yíjú sí àwọn ará ilé.

"Ta ni ìyàwó kejì tó ń wá iṣẹ́ náà?"

"Ti ilé Babátúnjí," ẹnì kan dáhùn.

"Hẹn. Bí tiwa bá jókòó, tiwọn ni yóò gbà á. Mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé Babátúnjí... kí lẹ pè é? Kó sọpáàsìsì wa?"

"Rárá o!" Gbogbo ilé. Ohùn Rúùtù ló ròkè jù.

Báyìí ni òyìnbó ṣe wọ ilé Bámigbóyè.

Bàbá ní kí wọ́n gbé iyọ̀ àti oyin wá. Ó fi lé Rhoda láhọ́n. Ó ní òun tú u lẹ́nu. Láti òní títí di ọjọ́ ìdánwò, ó lè pe orúkọ ará ilé, ṣùgbọ́n lédè òyìnbó nìkan. Bó bá pè é ní Yorùbá, ọ̀ràn ti dé.

"Bàbá," Rhoda béèrè, "báwo ni wọ́n ṣe ń pe Bámigbóyè lédè òyìnbó?"

Gbogbo wọn wo Mọ́láyọ̀. Mọ́láyọ̀ ní Bámigbóyè náà ni.

Àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé bí a bá fi Mísítà ṣáájú orúkọ, ó ti di òyìnbó, kò sí ẹni tó lè bá ìyàwó wí. Mísítà Bámigbóyè. Mísítà Jòhánù. Ti Rúùtù ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, nítorí Mísíìsì gbọ́dọ̀ ní ọkọ lẹ́yìn, ẹnu kò sì fẹ́ kan Bàbáńlá. Wọ́n fi í sí Sísítà.

Rhoda rò pé ọ̀ràn ti tán. Ọ̀ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jòhánù bá a nílé ìdáná. Iṣu gbọọrọ kan wà léjìká rẹ̀.

"Ìyàwó wa. Níbi ìdánwò yẹn. Iwájú ni èmi yóò wà, àbí?"

"Iwájú ni, Àgùntáṣọọ́lò."

"Ta ló máa wà lẹ́yìn mi?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Fi Rúùtù síbẹ̀."

Kò pẹ́ tí Rúùtù dé pẹ̀lú ẹyin awó nínú igbá. Iwájú lòun náà fẹ́. Kí Rhoda fi Jòhánù sẹ́yìn. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló wà lókè níbẹ̀? Afẹ́fẹ́. Rhoda ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì dọ́gba, kí òun lo íkúà. Rúùtù gbé ẹyin rẹ̀ padà díẹ̀.

"Kí èmi àti àbúrò mi dọ́gba? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n?"

Jòhánù náà gbọ́ nípa íkúà, ó sì yarí. "Ta ni ẹgbẹ́ mi nínú ilé yìí? Ẹ nàka sí i!"

Ríísẹ́mbù ló kù. Rúùtù gbà láti jọ ẹnì kan ṣoṣo: ìyá Bàbá, tó ti lọ sọ́run, arẹwà tí wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe dé Àjàṣẹ́-Ìpo.

"Màmá tó kú tòun teyín rẹ̀?" Jòhánù béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fi igbá lé e.

Mọ́láyọ̀ kò gbé nǹkan wá. Ó kàn nu bàtà ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì gbé e kọjá níwájú Rhoda kó lè rí i. Bàbá pàápàá, tó dá wọn lẹ́jọ́. Rhoda gbé omi fún un, ó mu, ó nu ẹnu, ó sì sọ sí ògiri, bí ẹni tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀: "Mísítà Bámigbóyè. Iwájú ni o."

Kí wọ́n tó tú u lẹ́nu, Rhoda kò ní orúkọ tó lè fi sẹ́yìn. Ní báyìí tí wọ́n ti tú u, orúkọ kún ẹnu rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó gbà láti wà lẹ́yìn.

Ó sọ fún Ambrose. Ambrose ní kó yan ẹni tó bá fẹ́. Rhoda bi í pé ṣé Tíṣà ni yóò máa bá òun gbé ilé náà lẹ́yìn ìdánwò.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá láti Ìlọrin, Mísítà Ignatius, jókòó nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kò tíì sọ ohun tó ju òyìnbó lọ. Awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ lórí òógùn. Ìyàwó ilé Babátúnjí ló kọ́kọ́ wọlé. Ó sọ pé ọkọ òun 'ìsì' sọpáàsì, ó sì dúró síbẹ̀. Ó jáde tẹkúntẹkún. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ló ti gbàgbé ẹni ẹ̀yìn.

Rhoda wọlé.

Gbogbo fèrèsé ló ní ojú. Jòhánù kò nílò kó na ọrùn, àyà rẹ̀ ló wà lójú fèrèsé. Rúùtù ti so gèlè tuntun. Wọ́n gbé àga Bàbá wá láti ilé, wọ́n fi í sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ambrose dúró lẹ́yìn pátákó, ọwọ́ lórí táì.

Ọ̀gá ní kó sọ nípa àwọn tó wà nínú ilé tó ń gbé. Kó fi wọ́n wéra.

Rhoda la ẹnu. "Mísítà Bámigbóyè," ó wí.

Bàbá gbé orí sókè.

"Mísítà Bámigbóyè sọpáàsìsì..."

Ó wo fèrèsé. Jòhánù tẹ̀ wálẹ̀, ó ń mi orí: kì í ṣe èmi. Rúùtù ń mi gèlè: kì í ṣe èmi. Mọ́láyọ̀ ti sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Ààrò kò ní òkúta kẹta. Ìkòkò ti ń tẹ̀. Yàrá méjì náà, páànù orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń dà lọ.

Orúkọ kan sì wà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é.

"...Rhoda," ó wí.

Ambrose tú ọwọ́ lára táì.

Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ ṣí. Mísítà Jòhánù sọpáàsìsì Rhoda. Wọ́n pàtẹ́wọ́ níta. Sísítà Rúùtù sọpáàsìsì Rhoda. Rúùtù rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé láti pa ètè dé. Mísì Mọ́láyọ̀ pàápàá sọpáàsìsì Rhoda, ọmọ náà sì jáde lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Iwájú, ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn. Ohunkóhun kò wọ àárín wọn. Gbogbo ilé ló jù ú lọ, gbogbo ilé ló sì ń yọ̀.

Mísítà Ignatius kò yọ̀. Ó bọ́ awò ojú.

Ó béèrè, lédè òyìnbó, pé bí gbogbo ayé bá ju Rhoda lọ, kí ni Rhoda yóò ṣe láàárín ilé ìsùn tó kún fún ọmọbìnrin? Ta ni Rhoda jù?

Ambrose di táì rẹ̀ mú padà.

Rhoda ronú. Òun náà fi ìbéèrè dá a lóhùn. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ń gbé inú ilé ìsùn náà. Ọ̀gá ní kò tíì sí. Ìgbà wo ni àwọn ọmọ ń bọ̀? Oṣù kìíní. Púrínsípà ńkọ́? Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́. Mátírọ́nì ńkọ́, ìgbà wo ló lè wọlé?

Ọ̀gá ní bó bá wù ú, lọ́la.

Rhoda nàró tán. Kò tẹ orúnkún ba rárá.

"Rhoda sọpáàsìsì gbogbo wọn," ó wí. Ó gbàgbé òyìnbó ẹni ẹ̀yìn.

"Gbogbo wọn?" Yorùbá bọ́ lẹ́nu ọ̀gá, ó sì bá a lọ. "Púrínsípà ńkọ́?"

"Ẹ ní ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i ni wọ́n ń bọ̀, sà. Èmi yóò ti wà nílé."

Mísítà Ignatius wò ó. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó gbé orí lé tábìlì. Nígbà tó gbé e sókè, èdè Àjàṣẹ́-Ìpo gan-an ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń nu ojú, ó ní ìyá òun náà ló kọ́kọ́ wọ ilé àwọn, orí gbogbo àwọn ìyàwó yòókù kò sì sinmi títí tó fi kú.

Láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ohùn kan dún. Bàbá.

"Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni."

Wọ́n fún un níṣẹ́.

Kò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló di ẹní rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì kó lọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò sí omi, kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọyẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé tí kò tíì ní ilẹ̀kùn. Rhoda sùn bí ọba.

Púrínsípà dé nígbà tí àkókò tó, obìnrin tó já fáfá, tó kàwé dé òkè òkun. "Rhoda!" ó ké láti ọ́fíìsì. Rhoda ń gbálẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbálẹ̀ kò dúró. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, ẹnì kan ti ṣàlàyé fún púrínsípà pé ìyá yìí ló kọ́kọ́ wọlé. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ nǹkan, á rìn lọ bá a.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ dé. Mọ́láyọ̀ wà nínú wọn, àpótí lórí, Jòhánù lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹní. Ó gbé àpótí kalẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà mátírọ́nì, bó ṣe máa ń ṣe nílé.

"Ìyàwó, ẹ gbà mí lẹ́rù."

Rhoda dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mira.

"Ta ni ìyàwó níbí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí, èmi àbí ìwọ?"

Ìwọ. Mọ́láyọ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu yẹn. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Àgùntáṣọọ́lò," Rhoda wí, "ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí."

Jòhánù wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Ó wo àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ti dúró láti gbọ́ ẹjọ́. Ẹnu Bàbá ni òfin náà ti jáde, lójú gbogbo ìjọ.

"Mọ́láyọ̀," ó wí, "gbé àpótí rẹ."

Ọmọ náà gbé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsùn, ó sì yí padà.

"Kí ni kí n máa pè yín? Mi ò lè pe orúkọ yín, àbí?"

"O ò lè pè é."

"Kí ni kí n wá pè?"

"Ìwọ ni kó o wá a. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mọ́láyọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àpótí ń wúwo, oòrùn ń pa á, gbogbo ojú sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mà Sọpáàsì," ó wí.

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn Mọ́láyọ̀ bá a bẹ́ẹ̀, àwọn tó tún dé lẹ́yìn wọn kò sì mọ̀ pé ó ní òmíràn. Mà Sọpáàsì, inú ń run mí. Mà Sọpáàsì, wọ́n ti jí ọṣẹ mi.

Bí wọ́n bá gba ìsinmi, Rhoda, àwọn ọmọ rẹ̀ àti Mọ́láyọ̀ á jọ fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé Bámigbóyè. Mọ́láyọ̀ ló máa ń ru àpótí. Wọ́n á kọjá lábẹ́ àwọn igi ẹmì, wọ́n á kọjá níwájú ilé Babátúnjí, Rhoda á máa lọ níwájú, ọwọ́ á wà lẹ́yìn. Wọ́n á dé ibi tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó níjọ́sí.

Níbẹ̀, Mọ́láyọ̀ á dúró. Á sọ àpótí kalẹ̀. Á na ọrùn rẹ̀ díẹ̀.

"Ìyàwó."

"Ìbàdíàrán, ọkọ mi," Rhoda á wí, "ẹ kú ìrìn." Á bẹ̀rẹ̀, á gbé àpótí náà rù, wọ́n á sì wọlé.